Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọba Kòsọ́kọ́ àti Àwọn Àgbá Rẹ̀ Lórí Ọ̀sà

Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ rí, ìbáà ṣe ọkọ̀ alájẹ̀ tàbí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, yóò mọ̀ pé ọ̀sà kì í dúró sójú kan. Bí afẹ́fẹ́ kò tilẹ̀ fẹ́, omi a máa gbé ọkọ̀ sókè, a sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fẹ́ mu omi nínú ife yóò da ìdajì rẹ̀ sí àyà ara rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ń mu omi, báwo ni yóò ti rí fún ẹni tí ó fẹ́ ti inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yin àgbá, kí ọta rẹ̀ sì ba ibi tí ó fojú sùn? Ìbéèrè yìí ni a fi ṣí ìtàn wa ti òní, nítorí pé Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó, ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, pàdánù ìlú rẹ̀ nípa àgbá orí omi, àgbá orí omi kan náà ni ó sì fi sọ ara rẹ̀ di ọba ní Ẹ̀pẹ́ fún nǹkan bí ọdún 10.

Orúkọ tí a sọ ọ́ fi hàn pé àbíkú ni àwọn òbí rẹ̀ kà á sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọmọ yìí, nítorí náà kí ó jókòó sí ilé ayé. Ó sì jókòó. Baba rẹ̀ ni Ọba Ọ̀ṣínlókun, ọmọ Ọba Ológun Kúterè. Ọ̀ṣínlókun yìí ni ó gba oyè mọ́ Adélé arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́, tí Adélé sì sá lọ sí Àgbádárìgì. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí nínú ìdílé kan ṣoṣo ni gbogbo ìjà tí a ó sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, àbúrò bàbá sí ọmọ ẹ̀gbọ́n. Àwọn àjèjì tí ó wá dá sí i ní ìkẹyìn bá ilé tí ògiri rẹ̀ ti lanu.

Ọ̀rọ̀ obìnrin ni ó kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Elétù Òdìbò, olóyè ńlá tí ohùn rẹ̀ wúwo nínú yíyan ọba, ní àfẹ́sọ́nà kan; Kòsọ́kọ́ sì fi obìnrin náà ṣe aya. Elétù kò gbàgbé. Nígbà tí Ìdéwu Òjúlarí, ẹ̀gbọ́n Kòsọ́kọ́, jọba lẹ́yìn baba wọn, tí ará ìlú sì kọ̀ ọ́, ìmọ̀ràn ti Ìbíní wá pé kí ó fi ayé sílẹ̀, ó sì gbé májèlé jẹ. Gbogbo ènìyàn rò pé Kòsọ́kọ́ ni ó kàn, ṣùgbọ́n Elétù ránṣẹ́ sí Adélé ní Àgbádárìgì kí ó padà wá. Adélé kú ní ọdún 1837, Kòsọ́kọ́ tún nà ọwọ́, Elétù tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó sì fi Olúwọlé ọmọ Adélé sórí oyè. Kò tó bẹ́ẹ̀. A fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan Òpó Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí ó ní ẹrú púpọ̀. Bí ó tilẹ̀ mọ́ nínú ìdánwò, a lé e kúrò ní ìlú. Nígbà náà ni Kòsọ́kọ́ gbé ogun dìde sí ọba, ogun tí a ń pè ní Ogun Ewé Kókò, ogun náà sì ṣẹ́ mọ́ ọn lórí. Ó sá lọ sí Wídà àti Àjáṣẹ́, sí àárín àwọn Pọtogí àti àwọn ará Bràsíílì tí ń ṣòwò ẹrú, níbẹ̀ ni ó sì ti rí ohun tí ìbọn àti ẹ̀tù lè ṣe fún ẹni tí ó bá ní owó.

Ẹ̀tù náà ni ó pa Olúwọlé. Ní ọdún 1841, àrá sán lu ààfin ní Ìga Ìdúngánran, níbi tí a kó ẹ̀tù pamọ́ sí, ilé náà sì fò lọ sókè pẹ̀lú ọba tí ó wà nínú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ni a fi dá ara rẹ̀ mọ̀. Níwọ̀n bí Kòsọ́kọ́ ti wà ní òkèèrè, a fi Akíntóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, jọba.

Àwa kò lè ṣàì yìn Akíntóyè fún inú rere rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere náà ni ó lé e kúrò lórí oyè. Ó ránṣẹ́ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó padà wá sí ilé, ó sì fi í jẹ Ọlọ́jà Èrékò. Àwọn olóyè kìlọ̀ fún un. Elétù Òdìbò tilẹ̀ bínú lọ sí Àgbádárìgì. Ní Èrékò, Kòsọ́kọ́ kó ènìyàn jọ yí ara rẹ̀ ká. Olórí wọn ni Ọ̀ṣọ́dì Tápà, ọmọ Nupe tí a kó wá sí Èkó ní kékeré, tí ó dàgbà nínú ilé Ọ̀ṣínlókun, tí ó sì ti dé Bràsíílì tí ó gbọ́ èdè Pọtogí. Nígbà tí Akíntóyè pe Elétù padà, Kòsọ́kọ́ kéde pé òun kò ní gbà. Ní oṣù Keje ọdún 1845 ni Ogun Olómirò bẹ́ sílẹ̀, tí ó sì jà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3. Àwọn ará ààfin kò rí omi dídùn mu, omi oníyọ̀ ni wọ́n ń mu, láti ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ. Akíntóyè bá ojú omi sá lọ. A gbọ́ pé Ọ̀ṣọ́dì Tápà tí ń ṣọ́ ọ̀nà omi náà rí i, ó sì jẹ́ kí ó kọjá; ó sì lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé oògùn ọba ni ó mú ojú àwọn ṣú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Tápà jẹ́ lè ti inú èyí mọ̀ ọ́n. Elétù Òdìbò kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà: Kòsọ́kọ́ mú un, ó sì pa á ní ìpa ìkà.

Báyìí ni Kòsọ́kọ́ ṣe di ọba Èkó. Àwọn tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ akin nìkan, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ èyí tí ó kù. Ní àkókò rẹ̀, òwò ẹrú ní Èkó gbilẹ̀ gidigidi. A ń kó ọmọ Yorùbá àti ọmọ ẹ̀yà mìíràn, tí ogun ilẹ̀ òkè lé já sí ọwọ́ àwọn oníṣòwò, sínú ọkọ̀ lọ sí Bràsíílì. Ohun tí ó sì ń bọ̀ dípò wọn ni tábà, ọtí, aṣọ, ìbọn, ẹ̀tù àti àgbá. Gbogbo àgbá tí ó tò sí etí omi Èkó ní ọdún 1851, ènìyàn ni a fi rà wọ́n. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí lè jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí a tà, àwọn mìíràn sì lè jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí ó tà wọ́n. Ilé kan náà a sì máa ní méjèèjì nínú.

Akíntóyè kò sùn. Láti Abẹ́òkúta ni ó ti lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí ó ti bá àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì mu, ó sì ṣe ìlérí pé bí wọ́n bá dá òun padà, òun yóò fi òpin sí òwò ẹrú. Ní ọdún 1851 kan náà, Àlùfáà Samuel Ajayi Crowther wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọ ọ̀rọ̀ Èkó níwájú Palmerston, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Òtítọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ń lépa ọkọ̀ akẹ́rú lórí òkun. Òtítọ́ sì ni pé epo pupa ń wá ọ̀nà àtijáde láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, Èkó sì ni ẹnu ọ̀nà náà. Ìdí méjèèjì ni ó jọ wọ inú ọkọ̀ kan náà wá.

Kọ́ńsúlù Beecroft wá bá Kòsọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní oṣù Kọkànlá, Kòsọ́kọ́ sì kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ọkọ̀ eléèéfín Bloodhound àti àwọn ọkọ̀ kéékèèké wọ ọ̀sà pẹ̀lú àsíá funfun lókè, àgbá àti ìbọn Èkó sì dá wọn lóhùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gòkè, wọ́n sun ilé díẹ̀, wọ́n pàdánù ènìyàn, wọ́n sì padà sí òkun. Ayọ̀ ńlá ni ní Èkó. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣọ́dì Tápà kò yọ̀ jù. Ọgbà igi ni ó ń kọ́, yàrà ni ó ń wà, ó sì gbìn òpó sínú omi létí ilẹ̀ kí ọkọ̀ má baà lè gúnlẹ̀.

Kí òǹkàwé tó lè mọ bí ogun kejì ti rí, ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa bí a ti ń gbé àgbá kalẹ̀. Àgbá tí a gbé sí ẹnu ihò ọgbà kò lè yíjú púpọ̀. Ibi tí ó kọjú sí ni ó lè jà. Bí ọ̀tá bá ti kúrò ní ìwọ̀n àlàfo náà, àgbá náà di igi lásán, àyàfi bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin bá fi igi sún ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ ogun kékeré ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àkókò náà a máa gbé àgbá ńlá rẹ̀ sórí pèpéle tí ó ní ọ̀pá ní àárín, pèpéle náà a sì máa yí lórí irin roboto tí a tẹ́ sí ilẹ̀ ọkọ̀, kí àgbá kan lè kọjú sí ọ̀tún, kí ó sì kọjú sí òsì. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé èéfín ni ó ń gbé ọkọ̀ náà rìn, kì í ṣe afẹ́fẹ́, nítorí náà gbogbo ilé àgbá náà lè dìde kúrò níbi tí a ti ń bà á, kí ó lọ dúró síbi tí a kò ti lè bà á. Bloodhound jẹ́ ọkọ̀ irin tí a kàn ní ilẹ̀ Scotland ní ọdún 1845, ní ọdún tí Kòsọ́kọ́ gba oyè gan-an.

Wọ́n padà dé ní Kérésìmesì, Commodore Bruce ni olórí wọn, Captain Jones sì ni ó ṣáájú ìjà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Èkó pè é ní Agídìngbí, nítorí dídún àgbá náà, wọ́n sì tún pè é ní Ahóyaya, nítorí ó hó bí omi orí iná. Kí a má ṣe rò pé ìjà náà rọ̀ fún àwọn àlejò. Ọ̀sà ní òkìtì iyanrìn tí àwọn kò mọ̀, Bloodhound sì há, Teazer tí ó tẹ̀lé e náà sì há. Wàyí o, ọkọ̀ tí ó há dà bí àgbá inú ọgbà: kò lè kúrò lójú kan. Àwọn àgbá Èkó rí Teazer níbi tí ó dúró sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Kò sí ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe ju pé kí wọ́n gòkè lọ sí ilẹ̀ lábẹ́ ìbọn, kí wọ́n kan ìṣó sí ihò àwọn àgbá náà kí wọ́n má baà lè yìn mọ́. Wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń padà sí ọkọ̀ wọn ni àwọn ọmọ ogun Èkó tú jáde láti inú igbó, wọ́n sì pa wọ́n nípa. Ní ọjọ́ kan yẹn, àwọn tí ó kú nínú wọn ju 10 lọ, àwọn tí ó gbọgbẹ́ sì ju 70 lọ. Iye àwọn tí ó kú ní ọ̀dọ̀ tiwa, kò sí akọ̀wé tí ó kà wọ́n.

Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ náà ni ogun pin, bóyá a kì bá ti máa sọ ìtàn yìí báyìí. Ṣùgbọ́n Teazer bọ́ nínú iyanrìn kí alẹ́ tó lẹ́. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọkọ̀ méjèèjì ń rìn, wọ́n sì yí ara wọn sí apá ibi tí àgbá Èkó kò kọjú sí. Láti inú ọkọ̀ kékeré kan ni a ti ta rọ́kẹ́ẹ̀tì, ohun ìjà tí ń fò pẹ̀lú iná ní ìdí. Ó bà ilé Ọ̀ṣọ́dì Tápà, níbi tí ẹ̀tù wà. Ohun tí ó ṣe Olúwọlé ní ọdún 10 ṣáájú tún ṣe ìlú. Ilé náà fọ́ lulẹ̀, iná gba òrùlé koríko sí òrùlé koríko, apá kan Èkó sì jó. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 28 yóò fi mọ́, ìlú ti dákẹ́. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kó ọkọ̀, wọ́n ti gba apá ìlà-oòrùn ọ̀sà lọ. Akíntóyè wọlé, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1852.

Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ fi orí lé ní ìkẹyìn. Awùjalẹ̀ Aníkìláyà ni ó gbà á láyè, nítorí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni Ẹ̀pẹ́. Kì í ṣe àánú nìkan ni Awùjalẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ àti ìbọn lórí omi jẹ́ aládùúgbò tí ó wúlò. Títí di òní, Ẹ̀pẹ́ ní apá méjì, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́, àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ sì ni ọmọ àwọn tí ó bá Kòsọ́kọ́ dé. Ọdún Káyókáyó tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn Iléyá ní ọdọọdún jẹ́ ìrántí ìgúnlẹ̀ wọn. Nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e, àwọn Mùsùlùmí pọ̀, àwọn ni ó sì mú ẹ̀sìn náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú náà.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ó wù wá jù nínú ìtàn ọkùnrin yìí. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó nítorí pé àgbá rẹ̀ dúró lójú kan kò tún lọ fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sí ọgbà àti yàrà. Orí omi ni ó gbé agbára rẹ̀ sí. Ọkọ̀ ogun orí ọ̀sà jẹ́ igi ńlá kan tí a gbẹ́, ó gùn, ó sì fẹ́jú tó láti gba ogójì ọkùnrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn alájẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, àwọn oníbọn ní àárín. Ní iwájú ni àgbá wà. Bí àgbá náà bá tóbi, a ó so ó mọ́ igi pinpin, ojú rẹ̀ yóò máa wo iwájú nìkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí i níláti yí gbogbo ọkọ̀, alájẹ̀ sì ni ó ń fojú sùn ju oníbọn lọ. Nígbà tí ó bá bú, ọkọ̀ yóò fà sẹ́yìn, omi yóò sì wọlé bí a kò bá ṣọ́ra. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fẹ́ràn àgbá kékeré tí a gbé sórí irin ẹlẹ́nu méjì bí igi ìtàkùrọ̀, tí ìdí irin náà sì wọ inú ihò igi. Ọkùnrin kan ṣoṣo lè di ìrù rẹ̀ mú kí ó yí i sí ibi tí ó bá wù ú, kí ó gbé ẹnu rẹ̀ sókè bí omi bá rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí omi bá gbé ọkọ̀ sókè. Ara ọkùnrin náà, orúnkún rẹ̀ àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ni ó ń bá omi jà kí ojú ìbọn lè dúró.

Ẹ jẹ́ kí a yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, nítorí iṣẹ́ ara ọkùnrin yẹn ni gbogbo ayé ti ń wá ẹ̀rọ tí yóò bá wọn ṣe láti ìgbà náà. Ní ọdún 1862, ọdún tí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó, ọkọ̀ Monitor ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà jà pẹ̀lú àgbá méjì nínú ilé irin roboto tí èéfín ń yí. Èyí yanjú ọ̀rọ̀ yíyíjú, kò yanjú ọ̀rọ̀ omi. Ní ọdún 1899, ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Percy Scott, kọ́ àwọn oníbọn rẹ̀ nínú ọkọ̀ Scylla láti máa yí ẹ̀rọ àgbá sókè-sílẹ̀ láìdúró bí ọkọ̀ ti ń jì, ọta 56 nínú 70 sì ba àmì; ẹnu ya gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni òkòtò dé. Ẹ rántí òkòtò tí a ń ta ní kékeré: bí ó bá ti ń pòòyì kíkankíkan, bí ẹ tilẹ̀ gbé àwo tí ó wà lórí rẹ̀ ní ìgbéwọ̀n, òun yóò dúró ṣánṣán. Àwọn ọlọ́gbọ́n fi irú òkòtò irin bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń sọ fún ẹ̀rọ iná mànàmáná, ẹ̀rọ náà sì ń yí àgbá padà sí òdìkejì ní ìwọ̀n kan náà. Nítorí náà ọkọ̀ a máa jì, ojú ìbọn kò ní jì. Lónìí, ìbọn bẹ́ẹ̀ a máa dá nìkan wà lórí ọkọ̀ láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Oníbọn wà ní ìsàlẹ̀ nínú yàrá, ó ń wo dígí tí ẹ̀rọ ayàwòrán ń fi ọ̀tá hàn lórí rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru, ó sì ń fi ọwọ́ kékeré kan darí rẹ̀. Èyí tí àwọn Rafael ti ilẹ̀ Israel ń ṣe, tí wọ́n pè ní Typhoon, jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn. Ọkọ̀ Aradu ti Naijíríà pàápàá, tí a kàn ní Hamburg ní Jámánì tí ó sì dé ọwọ́ wa ní nǹkan bí ọdún 1982, gbé àgbá ńlá kan tí a ṣe ní Ítálì ní iwájú, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà 127. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ń jókòó sínú ilé àgbá náà nígbà tí ó bá ń yìn. Àwọn ọkùnrin Ẹ̀pẹ́ kì bá ti gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kì bá ti pẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó yé wọn.

Kí a padà sí Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1853, nígbà tí àwọn olóyè Èkó kan, Ajéníyà àti Pósù, bínú sí Akíntóyè, Kòsọ́kọ́ kó ọkọ̀ rẹ̀ wá sí Èkó, ó sì jà ní ọjọ́ 5 àti ọjọ́ 11. Ó kù díẹ̀ kí ó gba ìlú. Àgbá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó lé e padà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, Akíntóyè kú, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì gorí oyè. Pósù àti Ajéníyà bá Kòsọ́kọ́ lọ.

Láti ìgbà náà, ọ̀ràn di pé Dòsùnmú ní Èkó, ṣùgbọ́n Kòsọ́kọ́ ni ó ní ọ̀nà. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ohun tí èyí jẹ́. Epo láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú níláti gba orí ọ̀sà kọjá kí ó tó dé ọwọ́ òyìnbó. Ọkọ̀ tí ó rù ú kò ní àgbá, ọkọ̀ Kòsọ́kọ́ sì ní. Ọlọ́jà kò lè sùn ní ojú ọ̀sà pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì gba Pálímà àti Lẹ́kẹ́, àwọn ìlú tí ó wà lórí ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, kí ó lè máa bá ọkọ̀ òyìnbó ṣòwò láìgba Èkó kọjá. Kọ́ńsúlù Benjamin Campbell, ẹni tí ó dé Èkó ní ọdún 1853, wò ó títí, ó sì rí i pé ó sàn kí a bá ọkùnrin yìí jókòó ju kí a máa lépa rẹ̀ nínú ọ̀sà tí omi rẹ̀ kò jinlẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ ṣe ìlérí pé òun kò ní bá Èkó jà mọ́, òun kò sì ní ta ẹrú mọ́. Gẹ̀ẹ́sì gbà pé òun ni ọba Pálímà àti Lẹ́kẹ́, a ó sì máa fún un ní owó lọ́dọọdún.

Ìdájọ́ tiwa ni pé Kòsọ́kọ́ ṣe ju ohun tí a lè retí lọ. Ọba mìíràn tí a lé kúrò ní ìlú a máa kú sí ilé ẹni tí ó gbà á. Òun dá ìjọba mìíràn sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ igi, ó sì mú kí àwọn tí ó sun ilé rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti pè é ní ọba. Kì í ṣe pé àgbá rẹ̀ lágbára ju tiwọn lọ. Ó kàn jẹ́ pé ó lè dé ibi tí tiwọn kò lè dé, kí ó sì parẹ́ kí tiwọn tó yíjú sí i. Ṣùgbọ́n kí a má sì gbàgbé pé àwọn tí ń bẹ̀rù ọkọ̀ náà jù ni àwọn tálákà tí ń ru epo.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus wà ní iwájú Èkó, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi ìlú rẹ̀ fún Ọbabìnrin Victoria ní ọjọ́ 6. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ìjọba titun náà jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ padà sí ilé, pẹ̀lú £400 lọ́dún. Ó sì fi Pálímà àti Lẹ́kẹ́ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1863. Ọ̀ṣọ́dì Tápà bá a padà. Ibi tí a fún òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ láti tẹ̀dó sí ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní, ní àárín Èkó.

Pósù kò tẹ̀lé wọn. Ó jókòó sí Ẹ̀pẹ́, ó sì kọ̀ láti gba àṣẹ Gómìnà Freeman. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1863, àwọn ọkọ̀ ogun gba orí ọ̀sà lọ, wọ́n sì yin àgbá sí Ẹ̀pẹ́ títí iná fi jó o. Kòsọ́kọ́ wà ní Èkó nígbà náà, ó ń gba owó rẹ̀. Ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ nígbà tí ìròyìn dé pé ìlú tí ó gbà á láyè ti jó, òun nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Ní ọdún méjì sí i ni ó kan Ìkòròdú. Àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà nítorí ọ̀nà òwò, ebi sì fẹ́ pa á. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1865, Glover rán àwọn ọmọ ogun láti Èkó pẹ̀lú rọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọn Ẹ̀gbá sì tú ká. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó sun Èkó ni ó gba Ìkòròdú là, nítorí náà àwọn àgbà ìlú méjèèjì kì í sọ ìtàn rẹ̀ ní ohùn kan náà.

Ọ̀ṣọ́dì Tápà kú ní ọdún 1868. Kòsọ́kọ́ gbé ní Èrékò fún ọdún 4 sí i, níbi tí àbúrò bàbá rẹ̀ ti kọ́kọ́ fi í jẹ Ọlọ́jà kí ìjà tó dé. Ó kú ní ọdún 1872, a sì sin ín sí Ìga Èrékò. Dòsùnmú wà lórí oyè nígbà náà, ó sì wà lórí rẹ̀ títí di ọdún 1885.